Lítà Mélòó, Wáàtì Mélòó, Wákàtí Mélòó?

Ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Amuro, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wọn jókòó, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín yìí kò ju ìsọdipúpọ̀ àti pípín lọ. Ọmọ tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é, ìwé àti bíírò ló máa nílò. Síbẹ̀, nítorí pé àwọn ènìyàn kò ṣe ìṣirò yìí, owó ńlá ti bọ́ sọ́wọ́ oníṣòwò ọ̀rọ̀ ẹnu, ní ilẹ̀ wa níbí àti ní òkè òkun.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Mopamuro, bí ó ti rí ní gbogbo ilẹ̀ Òkun, kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ epo kò kàn. Iná mànàmáná a máa wá, a sì tún máa lọ. Ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́, ẹ̀rọ tó ń fa omi, fíríìjì ẹni tó ń ta omi tútù, gbogbo wọn ló ń retí epo. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, iye owó lítà kan kò padà sí bó ṣe wà mọ́. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá dé, tó ní ẹ̀rọ òun kò mu epo rárá, tàbí pé ìtọ̀ ló ń mu, tàbí pé giramu ìyẹ̀fun kan péré ló máa lò lóṣù, gbogbo etí ni yóò ṣí. Ó yẹ kí etí ṣí. Ó sì yẹ kí bíírò náà ṣí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara mítà iná. Nígbà tí ẹ bá ra káàdì, ohun tí mítà ń kà fún yín ni yúnìtì. Yúnìtì kan ni agbára tí ohun èlò tó ń jẹ wáàtì 1,000 yóò jẹ láàárín wákàtí kan. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,000 yóò jẹ yúnìtì kan ní wákàtí kan. Gílóòbù wáàtì 10 yóò tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúnìtì kan náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wáàtì àti yúnìtì dàrú mọ́ yín lójú. Wáàtì ń sọ bí agbára ṣe ń yára jáde. Yúnìtì ń sọ gbogbo èyí tó ti jáde lápapọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ òun ń gbé wáàtì 5,000 kò tíì sọ nǹkan kan nípa epo, àfi tó bá sọ iye wákàtí tí yóò fi gbé e. Ẹni tó bá sì ní ẹ̀rọ òun ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 kò tíì sọ nǹkan kan, àfi tó bá sọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń gbé.

Epo náà ní yúnìtì tirẹ̀. Bí a bá ka gbogbo ooru tó lè jáde lára lítà bẹntiróòlù kan, ó tó yúnìtì 9. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní "I better pass my neighbour", kì í sọ ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ di iná. Ìyókù ń bá èéfín lọ, ó sì ń gbóná dànù lára ẹ́ńjìnnì. Ìdá kan nínú márùn-ún yúnìtì 9 kò pé 2. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ gbé wáàtì 500 fún wákàtí 6, èyí tí í ṣe yúnìtì 3, yóò jó lítà kan àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì náà bá dára. Nọ́ńbà yìí ni ìwọ̀n tí a ó fi máa wọn ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, níbi ìpàtẹ Maker Faire Africa tó wáyé ní Èkó, àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tí wọn kò ju ọmọ ọdún 14 àti 15 lọ gbé ẹ̀rọ amúnáwá kan kalẹ̀ tó ń lo ìtọ̀. Wọ́n ń fi iná mànàmáná tú ìtọ̀ náà kí háídírójìn lè yọ, wọ́n ń gba háídírójìn náà kọjá nínú omi, wọ́n ń fi bórákísì olómi fa ọ̀rinrin ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á darí rẹ̀ sínú jẹnẹrétọ̀. Ìròyìn rẹ̀ tàn ká gbogbo ayé. Ohun tí gbogbo ìwé ìròyìn sì ń tún sọ ni pé lítà ìtọ̀ kan ń fúnni ní iná fún wákàtí 6.

Wáàtì mélòó? Kò sí nínú gbólóhùn náà. Ẹ jẹ́ ká wá a fúnra wa.

Ohun tó ń di háídírójìn nínú ìtọ̀ ni yúríà, yúríà kan náà tí àwọn àgbẹ̀ wa ń rà nínú àpò fún àgbàdo. Bí a bá fi ọ̀làwọ́ ṣe é, nǹkan bí giramu 20 ló wà nínú lítà ìtọ̀ kan. Bí a bá tú giramu 60 yúríà tán pátápátá, giramu 6 háídírójìn ni yóò jáde. Nítorí náà giramu 20 yóò fún wa ní giramu 2. Giramu háídírójìn kan ní ooru tó tó wáàtì 33 fún wákàtí kan, giramu 2 yóò jẹ́ nǹkan bí 67. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì kékeré kì í sọ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ di iná: 67 yóò di 13. Ẹ pín 13 sí wákàtí 6. Ó kù wáàtì 2 àti díẹ̀. Kò tó láti tan gílóòbù wáàtì 5 kan, kò tó fún ṣájà fóònù, ká má ì tíì sọ fáànù.

Ibẹ̀ kọ́ ni ìṣirò náà parí sí, nítorí pé a kò tíì ka iná tí a fi tú ìtọ̀ náà. Ní ọdún 2009, Gerardine Botte àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ohio ní Amẹ́ríkà fi hàn pé, nínú ìṣirò, a lè tú yúríà pẹ̀lú fóltì 0.37, nígbà tí omi lásán ń béèrè ó kéré tán 1.23. Iṣẹ́ tó dára gidi ni, torí ó lè ran àwọn tó ń fọ omi ẹ̀gbin mọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kódà ní fóltì 0.37 yẹn, láì sí àdánù kankan, giramu 2 háídírójìn yóò gba nǹkan bí wáàtì 20 fún wákàtí kan kó tó jáde. A san 20, a gba 13. Bí alájàpá bá ra iṣu ní oko wa, tó tà á ní Kàbbà, tó wá ka iye tó tà láì yọ owó ọkọ̀, yóò rò pé òun jèrè. Iná tí a fi tú ìtọ̀ ni owó ọkọ̀ náà.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin yẹn yẹ fún ìyìn. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa kàn kà nínú ìwé, háídírójìn sì jáde lóòótọ́. Àwọn àgbà tó gbé "lítà kan, wákàtí 6" káàkiri ayé láì béèrè ìbéèrè kejì ni wọ́n fi ẹ̀tọ́ wọn dù wọ́n. Ọmọ tó bá gbé iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì jáde ní ẹ̀tọ́ sí olùkọ́ tí yóò jókòó tì í, tí yóò sì bá a ṣe ìṣirò rẹ̀ dé òpin.

Ẹ fi ọ̀nà kan náà yẹ ẹ̀rọ tó ń mu omi wò. Lítà omi kan ní nǹkan bí giramu 111 háídírójìn nínú, ooru rẹ̀ sì lé ní yúnìtì 3 àti ààbọ̀. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ ńláńlá tó ń tú omi ní ilé iṣẹ́ ń jẹ yúnìtì 5 ó lé kí wọ́n tó yọ giramu 111 yẹn, jẹnẹrétọ̀ yóò sì dá nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún yúnìtì 3 àti ààbọ̀ ó lé yẹn padà, ìyẹn ni pé kò pé yúnìtì kan. Omi kì í ṣe epo. Eérú háídírójìn ni omi jẹ́: háídírójìn ti jó tán kó tó di omi.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń ta ẹ̀rọ amúnáwá aláìlépo. Bátìrì ń yí mọ́tò, mọ́tò ń yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá, iná náà sì ń padà sínú bátìrì. Ohun tí wọ́n fi ń dá àwọn ènìyàn lójú ni pé wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù níwájú wọn fún wákàtí kan. Ẹ wo bátìrì náà. Bátìrì fóltì 12 tó jẹ́ 200 amp-hour (Ah) gba 12 lọ́nà 200, ìyẹn 2,400, èyí tí í ṣe yúnìtì 2.4. Ó lè gbé tẹlifíṣọ̀n àti gílóòbù mẹ́rin láti àárọ̀ di alẹ́ láì sí ìrànlọ́wọ́ kankan. Wákàtí kan kò fi nǹkan kan hàn ju pé bátìrì náà kún. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ ó rí òótọ́, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí agbára bá kọjá láti mọ́tò sí ẹ̀rọ tàbí láti ẹ̀rọ sí bátìrì, díẹ̀ ń di ooru, kì í sì padà wá.

Ó yẹ ká kúrò nílé wàyí, ká wo ẹ̀rọ tí ó ṣòro jù, nítorí pé àwọn tó gbé e jáde jẹ́ ọ̀mọ̀wé, àwọn tó sì ná owó lé e lórí kì í ṣe ọmọdé.

Inú oòrùn gbóná tó nǹkan bí mílíọ̀nù 15 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, níbẹ̀ ni ọkàn àwọn átọ́ọ̀mù háídírójìn ti ń dàpọ̀ tí agbára fi ń jáde. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹta ọdún 1989, ní Salt Lake City ní Amẹ́ríkà, Martin Fleischmann àti Stanley Pons ti Yunifásítì Utah pe àwọn oníròyìn jọ. Wọ́n ní irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kan lórí tábìlì, láì sí gbígbóná ńlá, bí a bá gba iná kọjá lára irin pàlédíọ́ọ̀mù tó wà nínú omi tó wúwo. Ohun tí wọ́n ń pè ní cold fusion nìyẹn. Àwọn ilé ìwádìí gbìyànjú rẹ̀ káàkiri ayé, ọ̀pọ̀ jù lọ kò rí i. Kí ọdún náà tó parí, ìgbìmọ̀ tí iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára ní Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ti sọ pé ẹ̀rí náà kò yíni lérò padà. Ìbéèrè tó le jù tí àwọn onímọ̀ físíìsì béèrè ni pé: ìtànṣán dà? Bí ìdàpọ̀ átọ́ọ̀mù bá ń mú gbogbo ooru yẹn jáde lóòótọ́, ìtànṣán tó ń bá a rìn ìbá ti pa àwọn tó dúró ti ìgò náà.

Ọdún 2011 ni Andrea Rossi, ará Ítálì, gbé tirẹ̀ wá ní Bologna, ó pè é ní E-Cat. Ìyẹ̀fun níkẹ́lì àti háídírójìn ló ní ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń da omi sí i, ooru omi (steam) ń bọ́ jáde, wọ́n sì ń fi ooru omi náà ṣírò agbára. Ẹ kíyè sí èyí. Kí kìlógíráàmù omi kan tó gbóná láti 20 dé 100 ní ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, ó ń gba nǹkan bí 335 kílójúùlù. Kí omi tó ti ń hó yẹn tó gbẹ di ooru omi tán, ó ń gba 2,257 sí i. Ẹni tó bá rò pé gbogbo omi ló di ooru omi, nígbà tó jẹ́ pé omi gbígbóná ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́, lè gbé agbára ẹ̀rọ rẹ̀ ga ju bó ṣe rí lọ ní ìlọ́po méje. Àwọn tó mọ iṣẹ́ béèrè bóyá ooru omi náà gbẹ, ìyẹn ni pé kò sí omi tó ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ìdáhùn tó tẹ́ wọn lọ́rùn kò wá.

Ìdánwò E-Cat tó lókìkí jù wáyé ní Lugano ní Siwisalandi ní ọdún 2014. Ọjọ́ 32 ni ẹ̀rọ náà fi ṣiṣẹ́. Ìròyìn tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ sọ pé nǹkan bí giramu epo kan ni wọ́n kó sínú rẹ̀, àti pé lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ iná tó wọlé kúrò, yúnìtì tó ṣẹ́kù jẹ́ nǹkan bí 1,500. Ẹ jẹ́ ká fi ìwọ̀n wa wọ̀n ọ́n. Yúnìtì 1,500 pín sí 9 jẹ́ lítà bẹntiróòlù 167. Ìyẹn kẹ́ẹ̀gì oní-lítà-25 mẹ́fà, ó kù díẹ̀ kó pé méje, láti inú giramu kan.

Ọ̀pọ̀ yóò pariwo níbí pé kò ṣeé ṣe. Ẹ dúró ná. Bí giramu yuréníọ́ọ̀mù-235 kan bá pín tán, ó ń mú ju yúnìtì 22,000 wá, nítorí náà kì í ṣe títóbi nọ́ńbà ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Kí ẹ lè yẹ ọ̀rọ̀ wò, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tó yẹ kí ẹ fi ìka sí.

Àkọ́kọ́, giramu kan yẹn ni ohun tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ, kì í ṣe ohun tó jó. Ìyàtọ̀ wà láàárín kíkún táńkì àti mímu epo. Bí a bá fi òfin Einstein ṣírò rẹ̀, yúnìtì 1,500 kò ní dín ìwọ̀n epo náà kù ju giramu 0.00006 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ náà "ń mu giramu kan lóṣù" kò wọn ohun kan tó ń sọ. Kò sí ẹni tó lè mọ̀ láti ara ìdánwò yẹn bóyá giramu náà yóò tó oṣù kan tàbí ọdún mẹ́wàá.

Ìkejì, iná ń wọ inú ẹ̀rọ náà láti ara ògiri ní gbogbo ọjọ́ 32. Ìròyìn náà sọ pé ohun tó ń jáde tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ohun tó ń wọlé. Nítorí náà, gbogbo yúnìtì 1,500 yẹn dúró lórí bí wọ́n ṣe wọn ohun tó ń jáde. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n kọjá ààlà ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀, kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́kù. Báwo ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n? Wọn kò fi omi wọ̀n ọ́n. Kámẹ́rà tó ń rí ooru ni wọ́n fi wo ara rẹ̀, wọ́n sì ṣírò agbára láti inú bó ṣe gbóná. Agbára tí ohun gbígbóná ń tàn jáde ń bá ìgbóná × ìgbóná × ìgbóná × ìgbóná lọ: bí ìgbóná bá di ìlọ́po méjì ní ìwọ̀n Kelvin, agbára yóò di ìlọ́po 16. Àṣìṣe kékeré nínú ìgbóná di àṣìṣe ńlá nínú agbára. Àwọn alárìíwísí tọ́ka sí i pé nọ́ńbà tí wọ́n fún kámẹ́rà nípa ara amọ̀ àlúmínà tó bo ẹ̀rọ náà kò bá a mu.

Ìkẹta, ìtànṣán: àwọn tó ṣe ìdánwò náà fúnra wọn kò rí èyí tó ju ti inú afẹ́fẹ́ lásán lọ.

Ìkẹrin ni eérú. Nínú níkẹ́lì tí a ń wà nílẹ̀, irú tí wọ́n ń pè ní níkẹ́lì-62 kò ju ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú eérú tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní 98. Àwọn olùgbàgbọ́ ní ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìròyìn kan náà sọ pé Rossi wà níbẹ̀, ó sì lọ́wọ́ sí i nígbà tí wọ́n ń kó epo sí i àti nígbà tí wọ́n ń kó o jáde. N kò sọ pé ó ṣe ohunkóhun. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìdánwò tí olóhun ń fọwọ́ kan ẹ̀rí nínú rẹ̀ kò lè dá olóhun láre, kódà bí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́.

Ilé iṣẹ́ Industrial Heat ti san mílíọ̀nù dọ́là 11.5 fún Rossi lórí E-Cat yìí. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 89 sí i lẹ́yìn ìdánwò ọdún kan tó ṣe ní Doral ní Florida, níbi tó ti ní ẹ̀rọ náà mú kílówáàtì 1,000 wá. Nígbà tí wọn kò san án, ó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní ọdún 2016. Ìwé ilé ẹjọ́ fi hàn pé agbẹjọ́rò Rossi ni ààrẹ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń lo ooru náà. Ìbéèrè kan tí àwọn onímọ̀ béèrè rọrùn débi pé ẹ̀yin náà lè béèrè rẹ̀: kílówáàtì 1,000 ni ooru áyọ́ọ̀nù 1,000 tó ń gbóná lẹ́ẹ̀kan náà nínú ilé kan tọ̀sán tòru; níbo ni ooru náà gbà jáde? Ní oṣù Keje ọdún 2017 wọ́n parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn, kò sí ìdájọ́.

Ní ọdún 2019, ìwé ìròyìn Nature tẹ iṣẹ́ nǹkan bí ọgbọ̀n onímọ̀ tí Google fowó tì lẹ́yìn jáde. Wọ́n tún àwọn ìdánwò cold fusion ṣe pẹ̀lú sùúrù, pẹ̀lú ohun èlò tó dára jù. Wọn kò rí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, ẹ kọ ọ̀rọ̀ olùtajà sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì wá ohun tó fò nínú rẹ̀: wáàtì ni, àbí wákàtí, àbí iná tó ń wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá sí Amuro, ẹ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ fún un ní ìjókòó. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kó so mítà mọ́ ibi tí iná ti ń wọlé àti ibi tó ti ń jáde, kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kí kọ́kọ́rọ́ ilé tí ẹ̀rọ náà wà má sì sí lọ́wọ́ olóhun. Kí wọ́n má ṣe san kọ́bọ̀ kan kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé.